Ògiri Tó Yọ Ikùn

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹfà, 2025

Inú ń bí mi títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí gan-an. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa láti Abraham Adésànyà ti fi owó kún owó nítorí omi tó dí ọ̀nà, bọ́ọ̀sì Lakowe ò sì yá ní Ajah. Nígbà tí mo fi máa dé sáìtì, bàtà mi ti kún fún omi.

Mo gun òkè lọ wo pálọ̀ ńlá tí Bàbá Ọlálérè àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń rẹ́. Ògiri tó kọjú sí ọgbà yọ ikùn. Mi ò nílò lẹ́fẹ́lì tí a fi ń wọn ògiri kí n tó rí i. Onílé ń bọ̀ láti Kánádà ní ìparí oṣù kẹjọ, ojoojúmọ́ sì ni Ọ̀gá Ọláyọdé, tó gba iṣẹ́ náà tó sì fi mí ṣe alábòójútó sáìtì, ń pè mí pé ibo la bá iṣẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó: "Bàbá, ṣé ojú yín ti fọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ti ń rẹ́lé kí wọ́n tó bí mi. Ẹ wo ikùn ògiri bíi ti aboyún. Tí ogbó bá ti dé, ẹ lọ jókòó sílé, kí ẹ yé fi ilé onílé kọ́ṣẹ́."

Bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí, tó wọ dàńṣíkí tó mọ́ tónítóní, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọlálérè. Mo rò pé iṣẹ́ ló wá wá. Bàbá Ọlálérè ní, "Ẹ má bínú, Màdáámù." Ó fi omi ṣan irin tó fi ń rẹ́ ògiri, ó nù ún gbẹ, ó sì kó o sínú àpò. Ó wá mú àlejò náà lọ́wọ́, wọ́n jọ jáde sínú òjò. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òótọ́ ni mo ṣáà sọ. Ògiri náà yọ ikùn. Bí mi ò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó ń rẹ́lé tó wá sí iṣẹ́. Òkè-Ihò ni gbogbo wọn ti wá, Bàbá Ọlálérè ló kó wọn wá sí Èkó. Bí ó bá ti kúrò níbì kan, gbogbo wọn kúrò nìyẹn. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé mi ò mọ̀.

Ní ọ̀sán, Jàmíù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni olórí àwọn tó ń tẹ irin, ojúlé kan náà ni òun àti Bàbá ń gbé ní Lakowe.

"Màdáámù, ṣé ẹ mọ ẹni tó dúró ti Bàbá lánàá?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ni, ará Ìkòròdú. Ọmọ wọn ló fẹ́ fẹ́ Ìyanuolúwa, ọmọ Bàbá. Wọ́n wá kí àna wọn ni, kí ẹbí tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú wọn wá wo ibi iṣẹ́ òun."

Àwọn tó yẹ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún un, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn lọ́mọ, ojú wọn ni mo ti bi í bóyá ojú ẹ̀ ti fọ́. Èmi tí ó tó bí lọ́mọ. Mo wọnú yàrá tí a ń kó sìmẹ́ǹtì sí, mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni ń ka àpò. Ojú tì mí débi pé nígbà tí ẹnì kan yọjú wọlé, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí ẹyọ kan.

Ọ̀gá Ọláyọdé dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Fèyíkẹ́, you are sharp, mo mọ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo ní, kò sẹ́ni tó mọṣẹ́ yìí tó ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ yẹn, ó ti too much. Ògiri lo máa ń rí, o kì í rí èèyàn. Lọ bá mi mú bàbá yẹn padà wá. Tí wọn ò bá padà, ìwọ náà yáa máa wáṣẹ́ síbòmíì."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ṣé kí n fi ògiri wíwọ́ sílẹ̀ ni. Èyí tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi, ó ń wá ọ̀nà àtijáde.

Ọjọ́bọ̀, 26

Mo pe Bàbá, kò gbé e. Mo tún pè. Ni mo bá ṣe ohun tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu: mo sọ̀rọ̀ sórí gúrúùpù Wasáàpù sáìtì wa, mo ní kí Bàbá Ọlálérè jọ̀ọ́ dárí jì mí, pé mi ò mọ̀ pé àna wọn ló dúró síbẹ̀ nígbà tí mo ní ojú wọn ti fọ́.

Àǹtí Abímbọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé e sétí wọn. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Ẹlẹ́ńtíríkì wà nínú gúrúùpù yẹn?"

Mo ní ó wà níbẹ̀.

"Pọ́ńbà tó ń ṣe páìpù omi ńkọ́? Àwọn tí ò sí ní sáìtì lọ́jọ́ Ajé?"

Mo ní àwọn náà wà níbẹ̀.

"Fèyíkẹ́, àwọn tí ò gbọ́ èébú náà lo tún wá ṣàlàyé ẹ̀ fún. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn, àbí ìkéde lo ń ṣe?"

Mo sáré pa á rẹ́. Ó ti pẹ́ jù, gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan tilẹ̀ ti fi àwòrán ẹ̀rín sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Òjò. Jàmíù ní òun máa bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá lọ́jọ́ Àìkú, pé wọn kì í dá lọ bẹ àgbàlagbà.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Ìjọ aláṣọ funfun ni Bàbá Ọlálérè ń lọ, alàgbà ni wọ́n níbẹ̀. Ilé ìsìn wọn wà lẹ́yìn ọgbà àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Lakowe, bí èèyàn bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù. Mo wọ léèsì mi tó dára jù, mo wé gèlè pupa mi tó bá a mu, kí wọ́n lè rí i pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Jàmíù dúró sẹ́nu géètì lábẹ́ agboòrùn. "Èmi ò ní kọjá ibí, Màdáámù. Tí Alfa wa bá gbọ́, àlàyé ẹ̀ máa pọ̀."

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ bàtà. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Òjò ti pa gèlè yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sá a, kẹ́ ẹ fi ìborí mi yìí borí ná."

Kí n tó dáhùn, ó ti fi aṣọ funfun náà bò mí lórí, ó sì ti ká gèlè mi sọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá mi tú okùn bàtà mi, ó ní ilẹ̀ inú ilé ń yọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló dára. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí láájò.

Nígbà tí ìsìn parí, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níta géètì nínú aṣọ funfun wọn. Jàmíù náà ti wá dúró lẹ́bàá ògiri. Mo kúnlẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo pẹ́ lórí tèmi, nítorí mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi. Jàmíù ló bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Bàbá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. "Ẹ dìde, Màdáámù. Mo gbọ́ ti orí fóònù náà." Mo tẹ orí ba. "Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ Ajé. Èmi tí mò ń dúró gbàdúrà fún gbogbo èèyàn níbí, mi ò lè dì yín sínú. Àwọn tí mo kó wá láti ilé náà sì gbọ́dọ̀ jẹun, a máa padà wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ojú tó rí i ti gbé e lọ sí Ìkòròdú."

Mo ní, "Kí ni kí n ṣe, sà?"

Wọ́n ní, "Èmi náà ò mọ̀."

Bí wọ́n bá bú mi ni, ǹ bá sùn dáadáa lónìí.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Wọ́n padà dé. Wọ́n ti ha sìmẹ́ǹtì tó yọ ikùn náà kúrò kí n tó dé, wọ́n sì ti ń rẹ́ ẹ lákọ̀tun. Bàbá kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn le fún mi ju kí wọ́n má kí mi lọ. Ọ̀gá Ọláyọdé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Thank God. Ṣọ́ ẹnu ẹ o."

Àǹtí Abímbọ́lá ti ra orógbó fún mi. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ti ń bọ̀, kí n gé e jẹ, pé kí n tó jẹ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ náà á ti rẹ̀. Orógbó pàápàá ti wọ́n báyìí. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, mo ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Jàmíù ní, "Màdáámù, orógbó yìí mà pọ̀ o. Ṣé oyè lẹ fẹ́ jẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín ní sáìtì kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Mo tún ṣe é. Ẹni tó gbé yanrìn wá dà á sójú ọ̀nà omi, mo sì bú u tìyá-tìyá. Orógbó wà nínú àpò mi. Àwọn tó ń rẹ́lé lókè dáwọ́ dúró. Kó tó di ìgbà náà, mò ń gbọ́ bí irin wọn ṣe ń ha ògiri, lójijì mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n ń dúró kí n parí ariwo mi, bí èèyàn ṣe ń dúró kí òjò dá.

Mo bá awakọ̀ náà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, mo ní kó máà bínú. Ó ní, "No wahala, Madam, a ti mọ̀ yín." Wọ́n ti mọ̀ mí. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti àárọ̀.

Ọjọ́rú, 9

A ò ṣiṣẹ́. Omi ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Ajah lọ, èèyàn ò mọ ibi tí gọ́tà wà mọ́. Jàmíù tó wá ra nǹkan ní Ajah ya ọ̀dọ̀ wa, ó mú gèlè mi wá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ká a sínú ọ̀rá.

"Ìyanuolúwa ní kí n kí yín, pé kẹ́ ẹ má bínú pé ó pẹ́ lọ́dọ̀ òun."

Mo ní, "Ìyanuolúwa wo?"

"Ọmọ Bàbá. Òun ló gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà."

Nígbà tí Jàmíù lọ, Àǹtí Abímbọ́lá gbé gèlè náà sókè, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Pupa lo wé lọ sílé ìsìn aláṣọ funfun? Pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọn kì í wọ pupa wọ ibẹ̀ rárá. Bí mo bá wọlé bẹ́ẹ̀, gbogbo ìjọ ni ì bá yíjú wò mí, ǹ bá sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ọmọ náà mọ̀ mí, kò lè máà mọ̀ mí, èmi ni mo ń ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́. Ó rí àṣìṣe mi lójú ọ̀nà, ó ní òjò ló pa gèlè mi. Ó bá mi wí tán, ó bá mi tún un ṣe, ọjọ́ kẹwàá ni mo tó mọ̀ pé wọ́n bá mi wí.

Mo wọ yàrá mi lọ sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 14

Kò tíì sí ìròyìn láti Ìkòròdú. Jàmíù ló sọ fún mi, Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí wọ́n ti wá dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin náà, Olúwadábírà, ń pe Ìyanuolúwa, ṣùgbọ́n ó ní bàbá òun ní kí àwọn ṣì ní sùúrù.

Mo wo ògiri pálọ̀ lónìí nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó gún régé. Mo fi ọwọ́ pa á. Bí mo bá máa kọ́lé fún ìyá mi lọ́jọ́ kan, Bàbá Ọlálérè ni màá pè, mi ò sì sọ èyí létí wọn rí láti ọdún méjì tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Àléébù nìkan ni mo máa ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Ìṣẹ́gun kékeré kan. Mikail ẹlẹ́ńtíríkì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù máa wà. Mo gé orógbó. Mo dúró kó jẹun tán, mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ibí, kọ́bọ́ọ̀dù náà máa dé ibo?" Ó na ọwọ́, ó wọ̀n ọ́n lójú, ó ní, "Ah, mo ti gbé e sódì nìyẹn." Ó tú u fúnra rẹ̀, ó tún ń kọrin.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó sì dùn mí ni pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kó tó parẹ́ lórí mi.

Oòrùn yọ lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo wà ní ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró, Bàbá Akínọ̀ṣọ́ sì sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń bọ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn lórí yanrìn.

"Ṣé ẹ̀yin ni Màdáámù ọjọ́sí?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n wò mí dáadáa. "Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Mo ní, bàbá tí ọmọdé lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí tí kò fèsì, bóyá ó ṣe nǹkan tó burú. Ilé tí ọmọ mi ti fẹ́ fẹ́yàwó ni, mi ò lè dákẹ́. Ògiri náà dà?"

Mo mú wọn gòkè. Bàbá Ọlálérè wà níbẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́. Wọ́n kí ara wọn, ṣùgbọ́n ìkíni náà tutù. Mo fi ògiri náà hàn wọ́n. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, bí mo sì ṣe yíjú, mo rí i: ògiri kejì, èyí tí Bàbá rẹ́ lánàá, yọ ikùn díẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Kò sí orógbó nínú àpò mi.

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́. Ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé iṣẹ́ ọkùnrin yìí dára?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Bàbá Ọlálérè nìkan ni kò wò mí, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo ní, "Bàbá, bí mo bá máa kọ́lé fún ìyá tó bí mi, Bàbá Ọlálérè ni màá pè. Àbùkù tí mo rí lára ògiri lọ́jọ́ yẹn, orí èèyàn ni mo gbé e lé. Wọn ò fèsì nítorí pé àgbà ni wọ́n. Èmi ni mi ò ní ẹ̀kọ́."

Mi ò ro èyí tó kẹ́yìn yẹn tẹ́lẹ̀.

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ wá wo ọmọ wọn. Olúwadábírà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku sìmẹ́ǹtì níwájú Bàbá Ọlálérè, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bàbá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, wọ́n ní kó dìde, Ọlọ́run á bù kún un. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ tí bàbá méjèèjì ń dá ọjọ́ sí oṣù kẹsàn-án, bí òjò bá ti dẹwọ́.

Mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ wọn fi lọ. Bàbá Ọlálérè padà gòkè nìkan. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa méjèèjì ń wo ògiri ẹ̀bá fèrèsé.

"Ẹ ti rí i," ni wọ́n wí.

"Mo ti rí i, sà."

"Ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bi mí ní ìbéèrè."

Wọ́n mi orí. Wọ́n da omi sí i kó rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á kúrò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la, wọ́n ní rárá, kí n bá àwọn di okùn ìwọ̀n mú. Mo dì í mú lápá òkè, wọ́n fà á wá sílẹ̀. Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn lọ.

"Ti ọjọ́ kìíní yẹn náà, mo ti rí i kẹ́ ẹ tó gòkè. Mò ń dúró kí àna mi lọ ni, kí n tó ha á kúrò."

Mo di okùn náà mú títí ọwọ́ fi ń ro mí, mi ò sì jẹ́ kó mì.